Ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ fún ìyá àti ọmọ kékeré ní Lomé: ibo ló wà, ta ló lè gbà á?

Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin, àbúrò tàbí ìyàwó ọmọ kan tó ń gbé Lomé, tó lóyún tàbí tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, tí owó ọjà kò sì tó o ná, ìbéèrè tó máa ń wá síni lẹ́nu ni pé: ṣé ìjọba kì í fún irú wọn lóúnjẹ ni? A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Atakpamé àti Kambolé, ó sì ń ti Kétu àti Ṣábẹ wá pẹ̀lú, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú wa kan tí kò lọ́mọ ní Lomé. Kò ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ìrànlọ́wọ́ wà o, àmọ́ kò sí lójú kan. Díẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, díẹ̀ gba inú fóònù wá nígbà kan, díẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wà á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. A fẹ́ tò wọ́n fún yín níbí, ká sì sọ ibi tí àlàfo wà, torí àlàfo náà ò kéré.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ni lójú. Lọ́hùn-ún, ètò kan wà tó ń jẹ́ WIC. Ọdún 1972 ni ìjọba wọn fàṣẹ sí i pé kí wọ́n dán an wò, nígbà tó sì di 1975 wọ́n sọ ọ́ di ètò tó dúró. Aláboyún, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló wà fún, bí owó tó ń wọlé fún ìdílé wọn kò bá kọjá iye tí òfin sọ. Wọ́n á fún wọn ní káàdì tí wọ́n á fi gba wàrà, ẹyin, ẹ̀wà, èso àti oúnjẹ ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù. Torí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n tó wà lọ́hùn-ún bá ń béèrè lórí fóònù pé ṣé ẹ ò tíì lọ gba tiyín ni, káàdì yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Togo kò ní irú káàdì bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì kan ní Lomé tí ìyá lè wọ̀ lọ pé òun wá gba oúnjẹ oṣù yìí. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, kẹ́nì kan má bàa gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín kọ orúkọ síbẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́

Ibi tó sún mọ́ni jù ni ilé ìwòsàn àdúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní USP tàbí CMS. Láti ọdún 2021 ni ètò Wezou ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kabiyè ni Wezou, ó túmọ̀ sí èémí ìyè. Ohun tí ètò náà ń ṣe ni pé ìjọba ń bá aláboyún san lára owó àyẹ̀wò oyún, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó fọ́tò inú tí wọ́n ń pè ní échographie, àti owó ìbímọ fúnra rẹ̀, títí di ọjọ́ 42 lẹ́yìn tó bá bímọ. Kó tó dìgbà yẹn, láti 2011, ìjọba ti ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó bá ní láti fi césarienne bímọ.

Ẹ lè sọ pé, owó ilé ìwòsàn nìyẹn, oúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Hédzranawoé, inú àpò kan náà ni owó ata, owó ilé àti owó dókítà ti ń jáde. Bí owó fọ́tò inú bá gbé owó ata lọ, ìyẹn ni pé kò ní sí ọjà lọ́la, kò sì ní sí ẹja nínú ọbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Lójú tiwa, èyí tí ìjọba bá bá a san nínú owó dókítà, owó oúnjẹ ló dá padà sí i lọ́wọ́.

Nígbà àyẹ̀wò oyún, wọ́n tún máa ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ní irin nínú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jù ú sí kọ́ńdọ̀ torí pé ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ dúdú, ó sì lè jẹ́ kí èébì máa gbéni. Kó má jù ú o. Kó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kó sì lọ sùn. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò tó nígbà oyún sábà máa ń fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá bí i, ọmọ tó fúyẹ́ nígbà ìbí sì ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ látẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìbímọ, ilé ìwòsàn yìí kan náà ló ń wọn ọmọ, tó ń gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tó sì ń fún un ní fítámì A lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà: èyí tó búlúù fún ọmọ oṣù 6 sí 11, èyí tó pupa láti ọdún kan títí dé márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń gbé ọmọ wá dáadáa nígbà abẹ́rẹ́. Tí abẹ́rẹ́ bá ti tán, wọn ò ní yọjú mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Okùn aláwọ̀ mẹ́ta

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tá a kọ síbí, ẹ má gbàgbé okùn yìí. Okùn pẹlẹbẹ kan ni, bíi ti télọ̀, òun ni wọ́n fi ń wọn agbedeméjì apá òsì ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 59. Bó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, ìyẹn mìlímítà 125 sókè, ọmọ náà wà dáadáa. Bó bá jẹ́ yẹ́lò, láti 115 títí dé ìsàlẹ̀ 125, ó ti ń rù. Bó bá jẹ́ pupa, tí kò tó 115, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ọjọ́ yẹn náà ni kí wọ́n gbé e lọ. Àmì míì ni kí ẹsẹ̀ méjèèjì wú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé tí kò tètè padà, kò dáa. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dà bí ẹni tó sanra, àwọn àgbà míì tiẹ̀ máa ń yìn ín. Kò sanra o, omi ni.

Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe àìsàn ẹsẹ̀ wíwú yìí, kwashiorkor, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá. Èdè àwọn Gã ti Accra ni. Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, kọ nípa àìsàn náà ní 1933, ó sì fi orúkọ yẹn pè é nínú ìwé àwọn dókítà ní 1935. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé àìsàn ọmọ tí wọ́n bí àbúrò lé lórí ni. Wọ́n já a lẹ́nu ọmú, wọ́n sì gbé ògì lásán fún un. Ó ti lé ní 90 ọdún báyìí, àmọ́ ẹni tó bá wọ ilé kan ní Bè tàbí ní abúlé yín lónìí lè rí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí ọmọ bá bọ́ sí pupa, tí àìsàn míì kò sì sí lára rẹ̀, tó ṣì ń jẹun, wọn ò ní dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé oúnjẹ náà fún un lójú wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó lè jẹ ẹ́. Plumpy'Nut ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n po wàrà, ṣúgà, òróró àti fítámì mọ́, tí wọ́n sì dì sínú àpò kékeré. Dókítà ará Faransé kan, André Briend, àti ilé iṣẹ́ Nutriset ni wọ́n gbé e jáde ní 1996. Àpò kan jẹ́ gíráàmù 92, agbára tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ kalori 500. Kò nílò omi, kò nílò iná, kò nílò fíríìjì. Ẹni tó bá mọ bí yàrá kan ṣoṣo ní Lomé ṣe ń rí, tí ẹ̀rọ omi wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, á mọ̀ pé ohun tó dáa jù nínú oúnjẹ náà nìyẹn. Ìyá á gba iye tí ọmọ máa jẹ, á gbé e lọ sílé, á sì padà wá kí wọ́n wọn ọmọ náà. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ọmọ kò bá lè jẹ ẹ́, tàbí tí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀, tàbí tó bá rẹ̀ ẹ́ débi tí kò ríran mọ́, ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n á gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti máa kọ́kọ́ fi wàrà àkànṣe gbé e dìde díẹ̀díẹ̀.

Ó ní ohun tó ń bà á jẹ́. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta, ṣé ó máa jókòó ti ọ̀kan tó ń jẹ ẹ̀pà dídùn, kí àwọn méjì tó kù máa wò? Ó máa pín in ni. Àwa ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n pín sí mẹ́ta kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Oògùn ni kí ẹ pè é nínú ilé, ẹ má pè é ní ìpápánu, kí ẹ sì fún ọmọ náà níbi tí àwọn yòókù ò sí. Èyí tó ń dé orí àtẹ ní ọjà, ẹ má rà á, ẹ má sì tà á. Ẹnu ọmọ kan ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ọmọ tó wà ní yẹ́lò ńkọ́? Níbẹ̀ ni nǹkan ti ń le, torí kì í ṣe ìgbà gbogbo ni oúnjẹ wà fún un. Ohun tí ìyá rẹ̀ sábà ń rí gbà ni ìmọ̀ràn: lọ máa fún un ní ẹyin, lọ máa fún un ní ẹja. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, àmọ́ ìmọ̀ràn kì í ra ẹyin.

Láti oṣù kẹfà títí dé ilé ẹ̀kọ́

Bí a bá to gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó wà ní Lomé sórí ìlà kan, láti ọjọ́ oyún títí ọmọ á fi wọ ilé ẹ̀kọ́, apá ibi tó ṣófo jù ni oṣù 6 sí ọdún 3 tàbí 4. Nígbà oyún, Wezou wà. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú wà, kò sì sí ìjọba tó lè fún ọmọ ní ohun tó dára jù ú lọ. Ọmú nìkan ni o, láìfi omi sí i. Ooru Lomé kì í ṣe àwíjàre, torí omi ló pọ̀ jù nínú ọmú. Ẹ má sì fi wàrà inú agolo tí wọ́n fi ń mu kọfí rọ́pò rẹ̀. Ṣúgà ló pọ̀ nínú èyí tó nípọn yẹn, kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọmọ nílò oúnjẹ kún ọmú, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìyá ń padà sí ọjà tàbí sídìí iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 14 lábẹ́ òfin. Ìyá tó ń gbé àtẹ lórí ká Adawlato kò ní nǹkan kan bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí kò bá jáde kò sí owó. Ó máa fi ọmọ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n tàbí fún aládùúgbò, pẹ̀lú ògì nínú tẹ́máàsì. Ògì ṣíṣàn, tí wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ sí. Ikùn ọmọ kéré, omi á ti kún un kí oúnjẹ tó wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ògì yìí, torí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni. Abọ́ àgbàdo mẹ́ta, abọ́ sọ́yà yíyan kan, ààbọ̀ abọ́ ẹ̀pà yíyan tí wọ́n ti ṣà dáadáa kí èyí tó hu ewú má bàa wà níbẹ̀: ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀ ní ilé ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ sè é kó ki débi tí kò ní tètè ṣàn kúrò lórí síbí. Ẹ̀ja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí àwọn ará Lomé ń pè ní doèvi, tí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná, síbí kan nínú ògì ọmọ wúlò ju ṣúgà síbí márùn-ún lọ. Epo pupa díẹ̀ náà dáa. Ọmọ oṣù 6 sí 8 á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, èyí tó bá lé ní oṣù 9 á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, ọmú á sì máa bá a lọ títí dé ọdún méjì. Bó bá dàgbà díẹ̀, ewédú tí wọ́n ń pè ní adémè, ẹ̀wà tí wọ́n bó, sọ́yà dídín ojú pópó, gbogbo rẹ̀ ló dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábúlé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Lomé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sọ́yà wà nínú àpò náà. Gàrí nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń dì.

Owó inú fóònù

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti ọjà pa, ìjọba Togo gbé Novissi jáde. Èdè Ewé ni, ó jẹ mọ́ kí ará máa ran ará lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò kékeré á tẹ *855# sórí fóònù, á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i, bó bá sì yẹ, owó á wọ T-Money tàbí Flooz rẹ̀. Kò ní láti jẹ́ fóònù olówó ńlá. Ní Lomé àti agbègbè rẹ̀, obìnrin ń gba 12.250 fráǹkì CFA lóṣù, ọkùnrin ń gba 10.500, wọ́n sì ń san án lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ 35.000. Wọ́n jẹ́ kí ti obìnrin ju ti ọkùnrin lọ torí pé obìnrin ló sábà ń gbọ́ bùkátà oúnjẹ ilé. A gbóríyìn fún ẹni tó ro ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ṣẹ́kù síta. Ọmọbìnrin ọdún 17 tó wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lomé, tó lóyún, kò lè ní káàdì ìdìbò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Nàìjíríà dé, kò ní in. Àwọn yìí gan-an ni àìní pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù. Owó ti Lomé sì dáwọ́ dúró láàárín ọdún náà, nígbà tí wọ́n dá ìkálọ́wọ́kò alẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí àwọn kántọ́ọ̀nù tó tòṣì jù ní ìgbèríko, àjọ GiveDirectly sì kówó sí i. Bí ẹnì kan bá pè yín lónìí pé kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà àṣírí Flooz yín kí òun lè fi Novissi ránṣẹ́, ẹ pa fóònù náà.

Ìdánwò míì wà tí kò lókìkí tó ti Novissi, àmọ́ tó kan ọ̀rọ̀ wa jù. Ní nǹkan bí ọdún 2014, ní agbègbè Kara àti Savanes ní òkè Togo, wọ́n fún aláboyún àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì ní 5.000 fráǹkì lóṣù, láìbéèrè ohun tó fi ṣe. Àwọn olùwádìí fi abúlé tó gbà á wé èyí tí kò gbà á, 162 abúlé lápapọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Ní abúlé tó gbà á, ẹran, ẹja àti ẹyin pọ̀ sí i nínú oúnjẹ ìyá àti ọmọ, ọmọ tó fúyẹ́ nígbà ìbí dín kù, àwọn ọmọ sì ga ju bí wọn ì bá ṣe ga lọ. 5.000 lóṣù, bí 170 fráǹkì lójúmọ́! Àwọn tó máa ń sọ pé tí wọ́n bá fún obìnrin lówó, aṣọ ló máa fi rà, ẹ sọ èyí fún wọn.

Gíga yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ọmọ tó kúrú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ nítorí àìjẹunkánú, ọpọlọ rẹ̀ àti ìlera rẹ̀ náà ń jìyà, ó sì ṣòro láti tún ṣe lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́. Ní Togo, nǹkan bí 28 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló wà bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí 2013 sí 2014. Ní 2017, ó ti wá sí nǹkan bí 24. Ó ń dín kù, àmọ́ ìkan nínú mẹ́rin ṣì ni. Nǹkan le ní òkè ju Lomé lọ, ìdí sì nìyẹn tí owó bí 5.000 yẹn fi kọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀. A kò bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, tálákà wà ní Lomé náà, kò sì ní oko tí ó lè sáré wọ̀ láti wá ewé.

Àwọn ilẹ̀kùn yòókù

Ti ilé ẹ̀kọ́ kò ní gba àkókò púpọ̀. Láti 2008 ni wọ́n ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní àwọn ibi tó tòṣì, àjọ ANADEB ló ń bójú tó o, àwọn ìyá àdúgbò ló sì ń dáná. Òfin kan jáde lórí rẹ̀ ní 2020. Ìgbèríko ló pọ̀ sí, ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ kò sì sí níbẹ̀. FNFI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ń yá àwọn tí báńkì kò kà sí ní owó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 30.000 fráǹkì, ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ sì ni wọ́n ń gbà á. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ó lè ran ẹni tó ní òwò tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní pupa, kó má lọ yá a láti fi ra oúnjẹ. Ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ.

Ohun tí ìyá máa mú dání kò pọ̀: ìwé oyún tàbí ìwé ìlera ọmọ, ìyẹn carnet, àti ìwé ìdánimọ̀ bó bá ní in. Bí kò bá ní in, kó lọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í béèrè káàdì ìdìbò kí wọ́n tó wọn apá ọmọ. Kó lọ ní àárọ̀. Kó ní kí wọ́n wọn apá ọmọ náà, pàápàá bó bá jẹ́ ibà ló gbé e wá, torí bí ojú bá kún, ibà nìkan ni wọ́n á wò. Kó sì yáa béèrè iye tí okùn náà sọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú carnet.

Ohun kan kù tó kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábúlé. Bí àkókò ọdún tàbí ìsìnkú bá dé, ẹ máa ń pe àwọn ọmọ wálé. Bí ọmọ ọwọ́ kan bá wà lórí ìtọ́jú àpò ẹ̀pà yẹn, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ní Lomé kó tó wọ ọkọ̀, kí wọ́n kọ ìwé fún un, kí ilé ìwòsàn ní Atakpamé tàbí ibòmíì lè bá a lọ láti ibi tí wọ́n bá a dé. Kó gba ti ọ̀sẹ̀ tó máa fi wà lọ́nà dání. Bí wọn ò bá lè kọ ìwé náà, ẹ jẹ́ kó jókòó sí Lomé. Ọdún míì ń bọ̀, á wá.